Ọwọ́ Méjèèjì Ni Aṣọ́lé Fi Ń Gbà Á

Ọ̀rá omi kan já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Moyọ̀sọ́rẹ, ó bẹ́, omi ta sí i lójú. Ariwo ti gba pápá kan. Ẹgbẹ́ Ìdènà tún ti pàdánù, àwọn ará Kétu sì ń ju ohun tó bá wà lọ́wọ́ wọn lu àwọn agbábọ́ọ̀lù tiwọn fúnra wọn. Moyọ̀sọ́rẹ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń di ọrùn ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù kan. Ó gbójú sókè kó lè bú ẹni tó ju omi.

Ojú rẹ̀ ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí.

Gbogbo èrò ń pariwo, òun nìkan ló dákẹ́. Ó kàn ń wò ó, bí ẹni pé ó ti ń wá a kiri tipẹ́. Moyọ̀sọ́rẹ fún báńdéèjì náà le láìmọ̀.

"Yéè! Nọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ ni o, kì í ṣe ẹrù igi!"

Àṣé ọkùnrin yẹn ni Gildas Adéoyin, olùkọ́ láti Pọ̀bẹ̀, tí ìgbìmọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe ọ̀gá àgbà ẹgbẹ́. Dìrẹ́tọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Bí Ìdènà bá tún ń pàdánù báyìí, ìsọ̀rí kejì ni wọn yóò já sí.

Dìrẹ́tọ̀ kò bú ẹnikẹ́ni. Ọjà Kétu ló lọ jókòó sí, ibẹ̀ ni Moyọ̀sọ́rẹ ti bá a.

"Dìrẹ́tọ̀, ṣé iṣu lẹ wá rà ni, àbí agbábọ́ọ̀lù?"

"Méjèèjì wà níbí," ni Gildas fi ẹ̀rín dáhùn. "Wo agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn wa, ó ń ta àgbàdo. Wo ti apá ọ̀tún, ó ń já ẹrù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n máa wá ṣe ìdánrawò. Ta ni yóò fi oko Odomèta sílẹ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù? Àmọ́ lọ́jọ́ ọjà, gbogbo wọn ló ń wọ ìlú."

Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà di ọjọ́ ìdánrawò. Bí wọ́n bá ti tajà tán, pápá ló kàn. Àwọn agbábọ́ọ̀lù abúlé Adakplamè tí ẹnikẹ́ni kì í rí tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pé. Ìdènà ta ọ̀mì, ó tún ta òmíràn, ó wá borí.

Bí ẹgbẹ́ ṣe ń gbéra ni ìfẹ́ àwọn méjèèjì ń gbóná. "Oyin mi," ni Gildas ń pè é, Moyọ̀sọ́rẹ a sì máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kó lè tún un pè.

Àfi lọ́jọ́ tí Gildas yọ Fabrice kúrò lójú ilé.

Àbúrò Moyọ̀sọ́rẹ ni Fabrice, òun sì ni aṣọ́lé Ìdènà, ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù lójú ilé. Bàbá wọn, Akínkúnlé, tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù, ti ṣọ́lé rí nígbà èwe rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ. Ìbọ̀wọ́ tó fi ṣọ́lé nígbà náà ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àtìgbà tí Fabrice ti mọ ìrìn ló ti ń sọ fún un pé, "Ọwọ́ méjèèjì, ọmọ mi! Ọwọ́ méjèèjì ni aṣọ́lé fi ń gbà á!"

Àwọn ẹbí Gildas gbé lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó wá láti Pọ̀bẹ̀. Táńtì Agathe, àbúrò ìyá Gildas, kúnlẹ̀, ó nà án sí bàbá. Bí bàbá ọmọ kò bá tíì gba lẹ́tà náà, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kò tíì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Akínkúnlé ká ọwọ́ méjèèjì sí àyà. Lẹ́tà bọ́ sílẹ̀.

"Ẹni tó lé ọmọ mi lójú ilé kò ní wọlé mi."

Moyọ̀sọ́rẹ sunkún lọ bá Gildas. "Dá a padà, jọ̀ọ́. Nítorí tèmi."

"Olólùfẹ́ mi, bí mo bá fi ipò rà ọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ, irú ọkọ wo ni mo jẹ́?" Ó nu omijé rẹ̀. "Ṣé ẹnikẹ́ni ti bi Fabrice rí pé kí ló ń fẹ́?"

Inú bí Moyọ̀sọ́rẹ, ó fi í sílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó bi Fabrice.

Fabrice bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, bọ́ọ̀lù tó bá ń bọ̀ lójú mi máa ń bà mí lẹ́rù! Èyí tó bá ń sá ni mo fẹ́ máa lé. Iwájú ni Dìrẹ́tọ̀ ti ń fi mí sí bá a bá ń ṣe ìdánrawò. Ta ló máa sọ ọ́ fún Bàbá?"

Àṣé ọ̀tún tí Gildas fi bá a wí, òsì ló fi ń fà á mọ́ra.

Ìdíje tó kẹ́yìn dé. Ẹgbẹ́ Pọ̀bẹ̀, ìlú Gildas gan-an, ni wọ́n sì máa bá gbá. Bí wọ́n bá pàdánù, wọ́n já. "Ará ilé ẹ̀ ni!" làwọn kan ń kígbe. "Dìrẹ́tọ̀ ti tà wá!" Akínkúnlé jókòó, ó ká ọwọ́ sí àyà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, Fabrice wọ pápá. Iwájú ló gbà lọ.

Akínkúnlé fò dìde. "Kí ni aṣọ́lé ń wá níwájú?"

Kó tó pa ẹnu dé, Fabrice ti gbá bọ́ọ̀lù kọjá lára ẹni méjì, ó sì gbá a wọlé. Fìlà Akínkúnlé fò, kò sẹ́ni tó rí i mọ́. Moyọ̀sọ́rẹ wo bàbá rẹ̀: ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Moyọ̀," ó ní, "èmi ni mo so ọmọ yìí mọ́lẹ̀."

Ìdènà kò já.

Nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, Táńtì Agathe tún kúnlẹ̀. Àpòòwé ìjọ́sí náà ni.

"Bàbá, ẹ má bínú sí erùpẹ̀ ara rẹ̀. Ilẹ̀ yín ló ti kó o."

Gildas kò lè gbójú sókè.

Akínkúnlé tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ṣí apá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba lẹ́tà náà, ó sì gbá a mọ́ àyà pinpin.

"Èyí," ó ní, "kò ní bọ́ lọ́wọ́ mi mọ́."