Fóòmù Bàbá Dáníẹ́lì

"Lois, bọ́ bàtà rẹ, kí o gorí fóòmù."

Ọ̀gá Jethro kò tíì sọ̀rọ̀ náà tán tí Lois ti bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ní Kabba, ìyàwó ilé tó níyì kì í nà gbalaja nínú ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì, kí àwọn ọlọ́kadà máa wò ó. Bí obìnrin bá wá ra fóòmù, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò rọra fi ìdí kan etí rẹ̀, ojú yóò sì tì í. Ìgbà náà ni Ọ̀gá Jethro máa ń pe Lois. Lois á dùbúlẹ̀, á yí sọ́tùn-ún, á yí sósì, obìnrin náà á sì bi í pé, "Báwo ló ṣe rí lára rẹ?" Ohun tí Lois bá sọ ni wọ́n ń gbà.

"Òṣìṣẹ́ oorun!" ni Virtue ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń pè é. "Àwa ń ru iṣu bọ̀ láti oko, ìwọ ń sùn gbowó. Bí ọ̀gá rẹ bá ń wá ẹni tó lè hanrun, rántí mi o."

Lois á rẹ́rìn-ín. Kò sọ ohun tó rí nínú yàrá ẹ̀yìn fún un. Fóòmù onísípíríǹgì ni Ọ̀gá Jethro fi lókìkí, irú èyí tí wọ́n ń rán sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan sínú àpò aṣọ kékeré tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá yíra padà lórí rẹ̀, ẹni tó sùn tì í kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ògbólógbòó fóòmù ilé ìtura ni wọ́n ń kó wá fún un. Yóò tú wọn. Yóò to sípíríǹgì tuntun sí ẹ̀gbẹ́, yóò sì to àwọn tó ti dógùn-ún, tí ẹnu wọn ti ń já, sáàárín. Aṣọ tuntun á bò wọ́n, ọ̀rá tuntun á bo aṣọ.

"Ẹ̀gbẹ́ ni kí o máa sùn sí," ló wí fún Lois. "Má gba àárín lọ."

Lois gbọ́, ó sì dákẹ́. Ìdí tó fi dákẹ́ jókòó sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà gan-an, ó ń sun iṣu tà. Ìyá rẹ̀ ni. Kí ìyá rẹ̀ tó débẹ̀, ẹ̀bá gọ́tà ló ń dáná sí. Òjò a máa pa á, òjò a sì máa pa iná rẹ̀. Ikọ́ tó bá òjò wọlé lọ́dún kan, inú agolo mílíìkì ni ìyá rẹ̀ ń tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sí, Lois ló sì ń dà á nù láràárọ̀ kó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀gá Jethro ló ní kó wá dáná sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó yọ ni lọ́wọ́ òjò, ó ṣòro láti pè é lólè.

Oníbàárà ọjọ́ yẹn kì í ṣe àjèjì. Àǹtí Yéjídé ni, tó ń kọ́ kíláàsì Lois ní Báyọ́lọ́jì.

"Okun, mà," Lois kí i bí wọ́n ṣe ń kíni ní Kabba, ó kúnlẹ̀.

"Okun o, ọmọ mi. Ìwọ náà ni wọ́n ní o ń bá èèyàn dán fóòmù wò? Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi yóò balẹ̀."

Ọ̀gá Jethro ti bu omi sínú ife, ó gbé e lé igun fóòmù. Ó gbá igun kejì pẹ̀lú ìkúùkù. Omi náà kò mì.

"Ẹ wo ìyẹn, mà! Ẹ lè jó lórí ẹ̀, ọkọ yín ò ní jí."

Àǹtí Yéjídé kò rẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi kò lè jí sí ijó, Ọ̀gá. Ẹ ti gbọ́ nípa jàǹbá ọ̀nà Ìsánlú. Bọ́ọ̀sì tirẹ̀ ni. Láti ìbàdí sísàlẹ̀, kò mọ nǹkan kan mọ́. Iná lè máa jó o níbẹ̀, kò ní mọ̀." Ó yíjú sí Lois. "Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹlòmíràn bá a fi ara mọ̀ ọ́n. Má sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àárín ni kí o sùn sí, níbi tí ọkọ mi, Bàbá Dáníẹ́lì, máa sùn sí."

Atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ ọ̀rá fóòmù tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dún ṣàràṣàrà. Lois wo ojú ọ̀gá rẹ̀. Ojú ọ̀gá rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò.

"Lois," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rín, "èéfín ìyá rẹ ń wọlé díẹ̀díẹ̀ o. Kò burú. Mo ti ń mú un mọ́ra."

Lois dùbúlẹ̀ sáàárín.

Kò tíì nà tán tó fi mọ̀ ọ́n. Ohun kan gún un ní ìbàdí, nínú aṣọ lọ́hùn-ún, bí èékánná ẹni tó fẹ́ pe àkíyèsí èèyàn. Ó yíra díẹ̀. Ohun náà tẹ̀ lé e.

"Báwo ló ṣe rí lára rẹ?" Àǹtí Yéjídé bi í.

"Ó dára, mà."

"Àárín náà ńkọ́?"

Iná iṣu ń ta pàràpàrà lóde. Lois gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń bá oníbàárà kan ṣàwàdà, ohùn rẹ̀ já geere, láìsí ikọ́ nínú rẹ̀.

"Àárín náà dára, mà. Ó rọ̀ dáadáa."

"Ọlọ́run yóò bù kún ọ, ọmọ mi."

Àdúrà náà wọ̀ ọ́ lára ju ohun tó gún un lọ. Nígbà tó wẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó fọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀. Ilà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀. Omi kàn án, ó ta á.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, Àǹtí Yéjídé ti rù. Lọ́jọ́ kan, bí ó ti ń ya àwòrán ọkàn sára pátákó, ó dúró, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ẹ má bínú. N kò sùn. Òórùn kan ló wà ní yàrá wa. A ti wá eku títí, a kò rí i."

"Ẹ ra ológbò, mà!" ẹnì kan kígbe, kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín.

Lois kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sí ìbàdí láìmọ̀. Ó fẹ́ dìde. Ó rí agolo mílíìkì nínú ọkàn rẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀. Ó ní òun yóò sọ ọ́ lọ́la. Nígbà tí ọ̀la dé, Àǹtí Yéjídé kò wá. Wọ́n ní ibà ń ṣe ọkọ rẹ̀.

Lois kò dúró kí wọ́n lu agogo ìparí. Ó sáré gba ọ̀nà ilé Àǹtí Yéjídé, kò kí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Òórùn náà ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá. Kì í ṣe òórùn eku.

Bàbá Dáníẹ́lì fi ìrọ̀rí gbé orí sókè. Òógùn bo iwájú rẹ̀, síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ lo bá mi dán fóòmù wò? O káre. Bí ọmọ ọba ni mo ń sùn. Kò sí ibi kan tó ń dùn mí."

Lois yíjú sí Àǹtí Yéjídé. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ yí wọn padà."

"Kí ló dé?" Àǹtí Yéjídé bi í. "Mo ń nu ara rẹ̀ láràárọ̀, bí n kò tilẹ̀ lè dá yí i."

"Ẹ yí wọn padà pátápátá, mà. Àárín ni. Mo mọ̀ pé àárín ni."

Wọ́n jọ yí i. Aṣọ ibùsùn lẹ̀ mọ́ ọn lára. Wọ́n fà á, ó bọ́. Waya kan tó ti dógùn-ún ti já aṣọ fóòmù, ẹnu rẹ̀ yọ sókè. Ibi tó wọ̀ lára ọkùnrin náà ti di ihò, etí ihò náà sì ti dúdú. Bàbá Dáníẹ́lì ṣì ń bi wọ́n pé, "Kí lẹ rí? Ẹ̀yin obìnrin, kí lẹ rí?"

Àǹtí Yéjídé wo Lois. Kò gbé ohùn sókè. "O mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ náà?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"O sì ní ó rọ̀."

Àǹtí Yéjídé sáré jáde lọ wá ọkọ̀.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní oró náà ti wọ inú egungun, ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Bàbá Dáníẹ́lì dákẹ́.

Àwọn ọlọ́pàá lọ mú Ọ̀gá Jethro ní ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n ti ń mú un lọ, ó fi ẹsẹ̀ gbá ààrò ìyá Lois, ẹyin iná sì fọ́n sí títì. "Abaramóorejẹ!" ló ń pariwo. Ìyá Lois bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa iṣu rẹ̀ nílẹ̀. Ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

"Nítorí mi lo fi purọ́?" ló bi ọmọ rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Ìbá sàn kí òjò pa mí." Ó gbé iṣu tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Àwọn mìíràn tó ra irú fóòmù náà ńkọ́? O mọ ilé wọn?"

Lois mọ̀ wọ́n. Ó ti dùbúlẹ̀ fún gbogbo wọn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ilé tó sún mọ́ wọn jù. Obìnrin ọlọ́mọ tuntun kan ló ṣílẹ̀kùn, Adédùntán lorúkọ rẹ̀. Bó ti rí Lois ni ojú rẹ̀ tàn.

"Áà, ọmọ fóòmù! Wọlé, wá wo ọmọ mi. Láti àná ló ti ń ké, a kò mọ ohun tó ń ṣe é. Ṣẹ̀ṣẹ̀ ló dákẹ́ báyìí."

Ọmọ náà wà láàárín fóòmù, ó dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀, mà," ni Lois wí. "Ẹ kọ́kọ́ gbé e ná. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó nà mí."

Ẹni tí èèyàn bá ní kó bá òun dán nǹkan wò, ẹ̀mí ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Bó bá purọ́ nítorí ẹni tó fẹ́ràn, irọ́ náà kò ní mọ ilé ẹni tó fẹ́ràn yàtọ̀ sí ilé ẹlòmíràn.

Adédùntán gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà. Lois kúnlẹ̀, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sáàárín fóòmù náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ó ń wá ẹnu waya.