Ìgò Tí Èdìdì Rẹ̀ Kò Já

Irọ́ kò sí nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ bi Ìyá Ìgò, obìnrin tó ń bá wa fọ ìgò ní yàrá àyẹ̀wò. Wọ́n wà láyé, ẹnu wọn sì mú.

Omi dídùn afúnnilókun kan ni wọ́n gbé wá kí n yẹ̀ wò. Ìyá mi máa ń fi ṣíbí mu ún láràárọ̀ nítorí orúnkún wọn. Èmi gan-an ni mo ń rà á fún wọn. Ẹ̀rọ wa fi hàn pé iná ti pọ̀ jù nígbà tí wọ́n ń se ṣúgà rẹ̀, májèlé sì ti wọ inú rẹ̀. Mo tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ibì kan náà ló ń já sí. Inú bí mi gan-an.

Ọ̀gá ní kí n kọ ọ́ pé ó dára. Mo ní n kò ní kọ ọ́. Ó ní kí n lọ ronú, òun ń bọ̀ lọ́sàn-án.

Ìgò kan ṣì kù tí a kò ṣí, èyí tí a máa ń fi pamọ́ bóyá ẹjọ́ á dé. Mo fi bírò fa ìlà síbi tí omi rẹ̀ dé, mo tì í mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, mo sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́rùn.

Nígbà tó di aago méjìlá ọ̀sán, iná lọ. Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́.

Kín.

Ìró ṣíbí lára ìgò.

"Ìyá Ìgò, ṣé ẹ̀yin ni?"

"Ọwọ́ mi wà nínú ọṣẹ. Inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ló ti dún."

Mo lọ wò ó. Omi náà ti fi ìwọ̀n ṣíbí kan rẹlẹ̀ sí ìlà mi. Èdìdì kò já. Kò sí ṣíbí níbẹ̀.

"Má wò mí o," ni Ìyá Ìgò wí. "Èmi kì í jẹ ohun dídùn."

Kín. Ó tún rẹlẹ̀. Òórùn ṣúgà tó jóná gba gbogbo yàrá.

Ọ̀gá wọlé, ó mú ìwé dání. "Ṣé o ti ronú?"

"Ẹ gbọ́ ná, sà."

Kín. Òun náà rí i. Òógùn bò ó. "Ṣáà buwọ́ lù ú, jẹ́ ká kúrò níbí."

"Mi ò ní buwọ́ lu irọ́. Ẹ gba iṣẹ́ yín bó bá wù yín."

Mo fi bírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà: KÒ ṢEÉ MU. Ọ̀gá sá jáde. Ìyá Ìgò ti ṣáájú rẹ̀ tipẹ́.

Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n ọdún méjì ni mo ti ń fún ìyá mi ní nǹkan yìí láìmọ̀. N kò ní mọ̀ ọ́n tán kí n tún dákẹ́. Mo sún mọ́ gíláàsì.

"Ẹni yòówù kẹ́ ẹ jẹ́, ẹ dákun, ẹ má mu ún mọ́. Ó léwu."

Ohùn àgbàlagbà obìnrin kan dáhùn láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, jẹ́jẹ́:

"Èyí tí mo ti mu ńkọ́?"

Mo ká ìwé náà sápò, mo gba iwájú ọ̀gá kọjá níta, mo ń lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ tó ń mójú tó oúnjẹ. Lójú ọ̀nà ni mo ti pe ìyá mi lórí fóònù. Wọn ò gbé e.