Nọ́ńbà Tí Fẹ́rànmí Kà

Orí àtẹ̀gùn ilé wọn ní Magodo ni Fẹ́rànmí ti kọ́kọ́ rí Rahmon. Ó jókòó sórí àga tó yẹ kó máa gbé.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ń bá Daddy mi dán àga wọn wò ni?"

Rahmon fẹ́ rẹ́rìn-ín, èémí ò jẹ́. Òógùn bò ó bí ẹni tí òjò pa. "Aunty, ẹ má bínú. Àga yìí ló ní kí n jẹ́ ká sinmi díẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà pa Fẹ́rànmí lẹ́rìn-ín. Ó wá wò ó dáadáa. Géńdé ni, àyà rẹ̀ gbòòrò bí ilẹ̀kùn, eyín rẹ̀ funfun kinniwin. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn mẹ́wàá péré ló tíì gùn, àyà yẹn sì ń lọ sókè sódò bí ẹni tó sá fún ejò.

"Ẹ wọlé wá," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n wọn BP yín."

Nílé àwọn Fẹ́rànmí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kúrò lórí tábìlì. Ọdún kẹfà rèé tí rọpárọsẹ̀ ti dá bàbá rẹ̀ jókòó. Daddy ń gbọ́ gbogbo ohun tí èèyàn bá sọ, ṣùgbọ́n wọn ò lè fèsì. Nítorí tiwọn ni Rahmon ṣe kan àga gíga yẹn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ikosi, kó lè rọrùn fún wọn láti dìde.

Fẹ́rànmí wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá. Ẹ̀rọ kùn, ó dákẹ́, ó kọ nọ́ńbà. Fẹ́rànmí tún un wọ̀n. Nọ́ńbà ò yí padà.

"Ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

"Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n."

"168 lórí 110. Ti Daddy mi ò ju báyìí lọ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣubú."

Rahmon wo bàbá tó jókòó ní kọ̀rọ̀, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Orí ìjókòó ọkọ̀ tó ń wà ni bàbá tèmi kú sí," ó ní jẹ́ẹ́. "Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Bọ̀ọ̀dá mi Nojeem kú lọ́dún tó kọjá, òun ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn wa ní Ìsẹ́yìn ní ọfà ayé ni."

"Ṣé ẹnikẹ́ni wọn BP wọn rí?"

"Aunty, ta ní í wọn ẹni tí ò ṣàìsàn?"

Ọjọ́ yẹn ni ìfẹ́ wọlé sí Fẹ́rànmí lára. Ẹ̀rù tẹ̀ lé e wọlé, wọ́n sì jọ ń gbé ibẹ̀.

Oṣù méjì kò tíì pé tí "Aunty" fi di "ọkàn mi." Fẹ́rànmí fúnra rẹ̀ ló mú Rahmon lọ rí dókítà. Dókítà ò sọ púpọ̀: hóró oògùn kan ní àràárọ̀, kí iyọ̀ dínkù, kó máa fẹsẹ̀ rìn lójoojúmọ́, kó máa sùn dáadáa, kó sì jáwọ́ nínú ohun mímu alágolo tó ń fi gba agbára. "Ọ̀dọ́ ni ẹ́," dókítà ní. "Ọkàn rẹ ṣì máa gbọ́ tìrẹ. Má jẹ́ kó pẹ́."

Nígbà tí Fẹ́rànmí sọ ọ̀rọ̀ Rahmon fún màmá rẹ̀, ògì ni Mummy ń fi ṣíbí bọ́ Daddy.

"Mummy, ó fẹ́ mú àwọn èèyàn rẹ̀ wá."

Mummy nu Daddy lẹ́nu ná. "Mọ́ṣáláṣí tó ń lọ kọ́ ló ń dùn mí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ló ń dùn mí. Wo bàbá rẹ. Mo gbádùn wọn fún ogún ọdún ó lé kí ṣíbí tó dé. Ìwọ, ṣé ọmọ ọgbọ̀n ọdún lo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọkọ?"

"Ó ń gbìyànjú, Mummy."

"Kó gbìyànjú fún oṣù mẹ́fà. Tó bá pé, kó wá jókòó síwájú mi níbí. Bí nọ́ńbà òkè bá kọjá 140, kó máa lọ ní àlàáfíà, ìwọ náà ò sì gbọdọ̀ wá a lọ. Ṣé o gbọ́?"

Fẹ́rànmí gbọ́. Daddy náà gbọ́, wọ́n sì kọ ògì tó kù.

Bí Rahmon ṣe di ẹlẹ́sẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀, láti Ikosi dé Ketu, á gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á tún fẹsẹ̀ padà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù sọ ọ́ di ẹlẹ́yà.

"Rahmon, ta ló ń lé ẹ?"

"Ìyàwó ni."

"Èyí tí ò tíì wọlé ló ń lé ẹ báyìí? Tó bá wá wọlé ńkọ́?"

Ní oṣù kejì, 154. Ní oṣù kẹta, 147. Fẹ́rànmí bẹ̀rẹ̀ sí í wo aṣọ ìyàwó lórí fóònù. Àfi bó ṣe di oṣù kẹrin tí ẹ̀rọ kọ 156. Oṣù karùn-ún, 161.

"Ṣé ò ń lo oògùn rẹ?"

"Mò ń lò ó."

"Rahmon, má purọ́ fún mi."

"Ọkàn mi, mi ò jẹ purọ́ fún ẹ." Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọwọ́ àlejò. "Bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ nílé. Bóyá ọfà náà ti mọ ojú ọ̀nà mi."

Fẹ́rànmí tú aṣọ ẹ̀rọ kúrò lápá rẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ pé nígbà tí ìyá Rahmon, Sẹ̀kínát, ní kí ìyàwó òun wá jẹun. Ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún òun àti Rahmon. Òkèlè kan ni Fẹ́rànmí jẹ tó fi dúró.

"Màámi, iyọ̀ inú ọbẹ̀ yìí pọ̀ o."

"Iyọ̀ kẹ̀? Láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ ọ́, iyọ̀ ò wọ ilé yìí. Mo da èyí tó kù nù." Ìyá náà sún mọ́ ọn, inú wọn dùn. "Àwọn ará àdúgbò ló ń yọ mí lẹ́nu, pé Rahmon ń rù, pé mò ń febi pa á. Ni mo bá sọ mágí di mẹ́jọ láti nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, kí oúnjẹ lè dùn lẹ́nu ọmọ mi. Mágí nìkan ni."

Fẹ́rànmí rọra fọ ọwọ́ rẹ̀. "Màámi, iyọ̀ ló kún inú mágí."

Ìyá Rahmon wo ìkòkò, wọ́n wo Rahmon, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Èmi náà ni mo ń sebẹ̀ fún Nojeem," ni wọ́n sọ nígbà tó yá.

Ọjọ́ pé. Mummy jókòó sí òdìkejì tábìlì, wọn ò fi gíláàsì wọn sójú. Daddy wà lórí àga gíga, lẹ́yìn Rahmon. Fẹ́rànmí wé aṣọ mọ́ apá olólùfẹ́ rẹ̀, Rahmon sì dijú. Ẹ̀rọ kùn títí, ó dákẹ́.

146 lórí 92.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ràn èèyàn rí, ẹ gbọ́ ohun tí ọkàn ń sọ nírú àkókò yẹn. Mẹ́fà péré. Mágí ti kúrò nínú ọbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ti fa nọ́ńbà bọ̀ láti 161, oṣù kan sí i yóò parí rẹ̀. Ṣé nítorí mẹ́fà ni kí òun ṣe pàdánù ẹni tí òun ń rí tí ilé ayé ń dùn?

"Kí ló kọ?" Mummy bi í.

"136 lórí 82."

Daddy ké lójijì. "Ùn-ún. Ùn-ún." Ojú wọn dúró sára ẹ̀rọ náà, orí wọn ń mì.

"Ẹ wo Daddy yín, inú wọn dùn," ni Mummy wí, omi sì lé sójú wọn. "Rahmon, ọmọ mi, lọ sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n máa bọ̀."

Rahmon fi ojú pamọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sunkún ayọ̀. Fẹ́rànmí yára pa ẹ̀rọ.

Irọ́ tó sọ yẹn, kò gbé ibẹ̀ jókòó. Ọ̀sẹ̀ kejì ló kíyè sí i pé kò rí páálí oògùn lórí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù mọ́.

"Oògùn rẹ dà?"

"Oògùn kí ni?" Agolo ohun mímu wà lọ́wọ́ Rahmon, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ta ló sàn tán tó tún ń lo oògùn? Ìwọ fúnra rẹ lo kà á, adúmáradán. Ìfẹ́ rẹ ti wò mí."

Ó yẹ kó sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn. Ẹnu rẹ̀ là, ó padé. Ọjọ́ ìgbéyàwó ti wà nílẹ̀, Mummy ti ń kọrin nínú ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà. Ó ní òun á sọ ọ́ lọ́la. Ọ̀la di ọ̀túnla.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Thursday kan, ó bá Rahmon lórí ìdúró ní ṣọ́ọ̀bù, òòlù ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ẹ̀yìn orí mú.

"Ìpàkọ́ ń dùn mí, Fẹ́rànmí. Ọjọ́ kẹta rèé. Báyìí náà ni Bọ̀ọ̀dá Nojeem ṣe sọ."

Fẹ́rànmí gbá a lápá mú.

"Rahmon, 146 ni. Mo purọ́."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ yẹn. Mo purọ́ fún Mummy."

"Èmi ńkọ́?"

"Mo purọ́ fún ìwọ náà."

Rahmon ò pariwo. Ó kàn wá ibi kan jókòó, bí ẹni tó ti rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Fẹ́rànmí pe màmá rẹ̀, ó ń sunkún, ó sọ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù. Mummy, tí ò gba ojú ọ̀nà Ikosi rí, wa mọ́tò wọn wá fúnra wọn. Wọn ò bá Fẹ́rànmí wí. Wọn ò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀. Wọ́n so aṣọ ẹ̀rọ mọ́ Rahmon lápá: 192 lórí 121. Wọ́n sì sáré gbé e lọ sí ọsibítù.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Sẹ̀kínát jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, wọn ò jẹ, wọn ò mu. Lọ́jọ́ kẹrin, Rahmon la ojú kedere, ó wo Mummy.

"Mà, ẹ fún mi ní oṣù mẹ́fà mìíràn. Ṣùgbọ́n kí Fẹ́rànmí má di ẹ̀rọ yẹn mú fún mi mọ́."

"Èmi ni n ó máa kà á," Mummy dáhùn.

"Ìgbéyàwó ńkọ́, Mummy?" Fẹ́rànmí béèrè.

"Ìgbéyàwó wo?"

Nígbà tí Rahmon kúrò ní ọsibítù, láràárọ̀ ni Fẹ́rànmí ń gba ojú ọ̀nà Shangisha sọ̀ kalẹ̀ lọ pàdé Rahmon, kó lè bá a rìn kó tó lọ síbi iṣẹ́. Rahmon ò lé e, kò sì bá a sọ̀rọ̀. "Ẹ káàárọ̀, Aunty," nìkan ló ń sọ, àfi bíi pé orí àtẹ̀gùn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti pàdé. "Ẹ" yẹn dun Fẹ́rànmí ju èébú lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi rìn nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, òjò ń bọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì ń fà sẹ́yìn. Rahmon dúró dè é.

"Ọkàn mi, yára díẹ̀," ó ní, ó sì na ọwọ́ sí i.

Fẹ́rànmí gbá ọwọ́ náà mú.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà kejì pé, Mummy fi gíláàsì wọn sójú, wọ́n fa ẹ̀rọ mọ́ra. Fẹ́rànmí kọjú sí ògiri. Ẹ̀rọ kùn tán.

"128 lórí 80," ni Mummy wí. Wọ́n sì fi kún un pé, "Kí àwọn èèyàn rẹ máa bọ̀."

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wọ̀n," ni Fẹ́rànmí bẹ̀ wọ́n.

Wọ́n tún un wọ̀n. "127."

"Ẹ tún un wọ̀n, Mummy."

Rahmon ti pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ku ọdún mẹ́ta kó dé ọjọ́ orí tí bàbá rẹ̀ dúró sí. Kò janpata. Ó tún na apá.