Ṣáàsì Lọ́rì Àjàgbé

"Ìwọ wẹ́dà, níbo lò ń sá lọ? Gòkè, jàre!"

Àjàgbé, awakọ̀ tó ni lọ́rì akẹ́rù, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní Òdòde, Ìdànrè, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní ọdún 1956. Ọlọ́runṣọlá, ajórin ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó ń pè, ti gbé ẹsẹ̀ kan sí ọ̀nà ilé. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ òun ti parí láti ọjọ́ Àbámẹ́ta tí òun ti jó ṣáàsì lọ́rì náà, ìyẹn irin gígùn abẹ́ ọkọ̀ tó gbé gbogbo ẹrù ró, tó ti là.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ ń dúró dè mí nílé," ni Ṣọlá dáhùn.

"Iṣẹ́ wo? O ò gbọ́ òfin mi ni? Ẹni tó bá tún ọkọ̀ mi ṣe gbọ́dọ̀ bá mi gùn ún ní ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ kó ẹrù. Gbogbo mẹkáníìkì ìlú yìí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí iṣẹ́ rẹ bá dá ọ lójú, wá jókòó lé e lórí."

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rin tí Ṣọlá fi kọ́ṣẹ́ ní Àkúrẹ́ kò jẹ́ kó gbọ́ òfin yìí rí. Kó tó ronú kan àwáwí mìíràn, ìyá rẹ̀ ti yọ, gèlè tó ń wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

"Èmi náà ń bá yín lọ! Ọkọ̀ tí ọmọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe ni mo fẹ́ wọ̀ dé Àkúrẹ́."

Bó bá kọ̀, wọn á bi í léèrè ìdí. Bó bá gòkè, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ó gòkè, ó jókòó lórí àpò kòkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ṣẹ̀yìn ẹ̀rọ tó rà. Nígbà tó gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ìyá rẹ̀ kó gbogbo ohun tó rí lórí kòkó lọ́dún náà lé e lọ́wọ́ pé kó fi ra ẹ̀rọ ajórin tí yóò máa lò lẹ́yìn ilé. Augustine ọ̀gá rẹ̀ mú un lọ wo méjì. Ọ̀kan jẹ́ àlòkù tó ń fi ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, ó ti dípẹtà, ọkùnrin mẹ́rin ló ń gbé e. Èkejì jẹ́ ìkòkò gáàsì kékeré, tuntun, ó pupa fòò. Òkúta kábáìdì ni wọ́n ń dà sínú rẹ̀, tí wọ́n á bu omi sí i kó lè tú gáàsì jáde.

"Má wo ẹwà ẹ̀rọ," ni Ọ̀gá Augustine wí. "Irin tí o fẹ́ jó ni kó o wò. Ìkòkò yìí dára fún bàsíà, kẹ̀kẹ́ àti mádígáàdì. Irin ṣáàsì nípọn jù fún un. Òkè irin ni iná rẹ̀ yóò jó, kò ní wọnú. Tó o bá rà á, má fọwọ́ kan ṣáàsì ẹnikẹ́ni o. Ní kí wọ́n gbé e wá bá mi."

Ṣọlá gbọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n fáàrí ò jẹ́. Ta ni yóò gbé àlòkù onípẹtà wọ Ìdànrè lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? Ìkòkò pupa ló rà. Oṣù mẹ́ta gbáko ni iṣẹ́ fi ń lọ geere, títí Àjàgbé fi gbé lọ́rì rẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé wọn.

"Ọmọ mi á ṣe é!" ni ìyá rẹ̀ dáhùn kí Ṣọlá tó lanu. Gbogbo àdúgbò ló ń wò ó. Gbólóhùn kékeré náà, "ó ju agbára mi lọ," wúwo lẹ́nu rẹ̀ ju ṣáàsì lọ. Ó jó o, jó o, títí òógùn bò ó. Nígbà tí irin tutù, ó fi òòlù kàn án, ìró tó gbọ́ kò dára. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé ọ̀dà dúdú, ó kùn ún.

Ní báyìí ọkọ̀ ti ń lọ. Àpáta ga lápá kan ọ̀nà, kòtò jìn lápá kejì. Gbogbo ìgbà tí táyà bá bọ́ sí gbágungbàgun ni nǹkan ń ké kẹ́ẹ́ nísàlẹ̀.

"Wẹ́dà wa, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Kùdírátù wí. Aya òṣìṣẹ́ oko kòkó kan ni, ó pọn ọmọ ọwọ́. "Ọlọ́run á fi kún ọgbọ́n yín."

Ìyá Ṣọlá ló ṣe àmín. Ara ọmọ rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó gbá pákó ọkọ̀. "Ẹ dúró, sà! Mo fẹ́ tọ̀!"

Ó sọ̀kalẹ̀, ó yí gba ẹ̀yìn, ó rá wọ abẹ́ ọkọ̀. Ọ̀dà dúdú ti ya, irin ti lanu tó fi jẹ́ pé èékánná rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ó fọwọ́ bo ojú. Ó pinnu pé òun yóò sọ, dandan ni. Ló bá jáde.

"Ṣé o ti ṣe tán?" ni Àjàgbé béèrè.

"Mo ti ṣe tán, sà."

Ẹnu ara rẹ̀ yà á lẹ́nu. Ó tún gòkè, ó jókòó sáàárín àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé e, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Níwájú, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ síbi afárá onípákó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e, kí n tún ọ̀já so," ni Kùdírátù wí, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ lé Ṣọlá lọ́wọ́. Ọmọ náà ń sùn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, òwe yìí ni Ṣọlá sì ti ń fara mọ́ láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n ikú ti ta ni? Wọn kò sọ pé kí ọmọ ọlọ́mọ kú nítorí ẹ̀sín tirẹ̀.

"Ẹ dúró! Ṣáàsì ti là! Mi ò jó o dáadáa!"

Ọkọ̀ dúró gbì. Ṣọlá sọ gbogbo rẹ̀: ìkòkò, ìró òòlù, ọ̀dà, àti ohun tó rí lábẹ́ ọkọ̀.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "O rí i, o sì tún gòkè wá jókòó tì mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, màámi."

Kùdírátù gba ọmọ rẹ̀. Gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀. Àjàgbé ní òun yóò rọra fà á sẹ́yìn kí wọ́n lè já ẹrù níbi tó tẹ́jú. Kò tíì fà á tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá tí irin fi ké gbàà, tí àárín lọ́rì sì wó lulẹ̀ pẹ̀lú kòkó inú rẹ̀. Àjàgbé fò jáde, iwájú orí rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó wo afárá nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó wo àwọn èrò, ó wá wo Ṣọlá.

"Mi ò ní lù ọ́," ni ó wí jẹ́jẹ́. "O sọ ọ́, ó pẹ́ ni. Ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irin mi mọ́."

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbé bàsíà wá bá Ṣọlá ní Òdòde mọ́, ká má tíì sọ kẹ̀kẹ́. Ó padà sọ́dọ̀ Ọ̀gá Augustine, ó fi odindi ọdún kan kọ́ bí a ṣe ń jó irin tó nípọn, bí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ rí.

Nígbà tó ń dágbére lọ sí Àkúrẹ́, ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kó dárí ji òun nítorí ẹ̀rọ tí òun rà.

"Ta ló ń bá ọ wí nítorí ẹ̀rọ?" ni ìyá náà dáhùn. "Ẹ̀rọ kékeré ní iṣẹ́ kékeré tirẹ̀, kò sì parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ lo mọ̀, tí o kò sọ. Ọmọ mi, ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò jẹ̀bi bó bá ní òun kò lè ṣe é. Ẹni tó fi ọ̀dà bo àìmọ̀ rẹ̀ ló jẹ̀bi, torí ẹlòmíràn ló máa gun ọkọ̀ náà."