Eruku Ọjọ́ Òjò

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó gba ọ̀nà Kpankou, kó bi Lábọ̀dé tó ń dáko iṣu lẹ́bàá odò. Lábọ̀dé kò mu ọtí sódábì rí láyé rẹ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tó rí ló sọ, kò fi iyọ̀ sí i. Èmi náà kò ní fi sí i.

Victorine, tí gbogbo ayé ń pè ní Mẹ̀tírésì, ni olùkọ́ ní ilé ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kpankou. Ọmọ Pobè ni, obìnrin tó fẹ́ràn òfin bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn ẹran. Ó ní òfin fún èékánná, ó ní fún ṣọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n òfin òjò ló le jù. Bí ààrá bá ti sán, kí ọmọ kúrò lẹ́bàá ilẹ̀kùn àti fèrèsé onírin. Kí gbogbo wọn lóṣòó sáàárín kíláàsì, kí ẹsẹ̀ wọn pa pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sá sábẹ́ igi máńgòrò. Bí omi odò bá sì ti bo ọ̀dà pupa tó wà lára òpó létí odò, kí ẹnikẹ́ni má sọdá.

Odò yẹn kò tilẹ̀ lórúkọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewúrẹ́ ń sùn nínú rẹ̀. Wọ́n da sìmẹ́ńtì sójú ọ̀nà níbẹ̀, òun ni gbogbo ayé ń gbà kọjá, ìdajì àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń gbé lódìkejì. Omi tí kò ju orúnkún lọ ti gbé alùpùpù lọ níbẹ̀ rí, pẹ̀lú ẹni tó gùn ún.

Òfin kan kù, òun ló sì fa ọ̀rọ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, ọ̀rá ni àwọn òbí fi ń borí wá mú ọmọ wọn, èèyàn kì í rí ojú wọn dáadáa. Victorine wá ní ẹni tó bá wá mú ọmọ gbọ́dọ̀ pe oríkì ọmọ náà. Orúkọ ìwé wà nínú rẹ́jísítà, ẹni tó bá wù ú lè mọ̀ ọ́n. Oríkì, inú ilé ló ń gbé. Inú àwọn òbí dùn. Wọ́n ní obìnrin yìí gbọ́n.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù karùn-ún, nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀, òjò dé. Ariwo páànù pọ̀ débi pé Victorine ní láti fẹnu sí etí ọmọ kó tó lè bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ mẹ́sàn-án ló kù sínú kíláàsì. Wọ́n lóṣòó. Ààrá sán, ilẹ̀ mì.

"Àwẹ̀ró."

Ohùn náà kò lọ sókè. Síbẹ̀ gbogbo wọn gbọ́ ọ.

Ghislaine, ọmọ ọdún mẹ́jọ, dìde. Àwẹ̀ró ni oríkì rẹ̀. Solange ìyá rẹ̀ ló dúró sábẹ́ igi máńgòrò, ó fi ọ̀rá dúdú borí.

"Ìyá Ghislaine, ẹ kúrò lábẹ́ igi," Victorine pariwo. "Ẹ wọlé."

"Mi ò níí wọlé. Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀."

"Omi odò ńkọ́?"

"Kò tíì dé ibi pupa."

Victorine rò ó. Obìnrin náà ti pe oríkì. Odò kò tíì kún. Ààrá nìkan ló kù, ilé wọn kò sì kúkú jìnnà. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ọmọ náà sì jáde. Ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n wọnú òjò lọ, ìyá náà kò wẹ̀yìn.

Wọn kò tíì rìn jìnnà tí mànàmáná fi la igi máńgòrò náà sí méjì. Àwọn ọmọ ké, Victorine náà ké. Ìgbà tí àyà rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀ ló tó yé e. Òun ní láti pariwo kí ọ̀rọ̀ òun tó lè dé ìta. Báwo ni ohùn obìnrin yẹn ṣe wọlé jẹ́jẹ́?

Kò lè fi ọmọ mẹ́jọ sílẹ̀. Ó jókòó, ó ń tẹ́tí sí ààrá. Nígbà tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá láìsí ààrá mọ́, ó fa àwọn ọmọ lé Barnabé, ọ̀gá ilé ìwé, lọ́wọ́, ó sì sáré lọ sódò.

Omi ti bo òpó pátápátá. Lábọ̀dé wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́ta, wọ́n ń fi ọ̀pá wá nǹkan létí omi.

"Ṣé ẹ rí Solange?" ni Victorine bi í. "Òun àti ọmọ rẹ̀."

Lábọ̀dé wò ó. "Solange la ń wá. Omi ti gbé e lọ."

"Pẹ̀lú ọmọ?"

"Òun nìkan. Ó rí i tí ojú ọ̀run lọ́hùn-ún ń ṣú, ó ní kóun tètè lọ mú ọmọ wá. Oòrùn ṣì ń ràn níbí. Ọ̀nà Okpomèta, níbi tí odò ti ń ṣàn bọ̀, ni òjò ti rọ̀. Omi dé kí òjò tó dé. Ó bá a láàárín sìmẹ́ńtì."

"Aago mélòó?"

"Ẹ̀kán omi kan ò tíì kán sílẹ̀ níbí, Mẹ̀tírésì."

Victorine jókòó sínú ẹrẹ̀, ó sì ń sunkún. Òun ló ṣí ilẹ̀kùn. Òun ló fa ọmọ ọlọ́mọ lé ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, omi fà. Wọ́n sọdá. Wọ́n bá Ghislaine lórí ibùsùn ìyá rẹ̀, ó ń sùn. Aṣọ ilé ìwé rẹ̀ gbẹ. Eruku pupa bo bàtà rẹ̀, eruku gbígbẹ, bí ẹni tó rìn nínú ọyẹ́.

"Ta ló mú ẹ sọdá?" ni Victorine bi í.

"Màmá."

"Omi ńkọ́?"

"Kò sí omi."

Àwọn kan ní orí ló kó ọmọ yọ. Ó di ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó rí òkú Solange.

Victorine pa òfin oríkì rẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí òjò bá ti ń bọ̀, yóò ti ilẹ̀kùn láti inú. Ọba Kétu ì báà ránṣẹ́, ọmọ kankan kò ní jáde.

Nígbà tí wọ́n wọlé padà lóṣù kẹsàn-án, òjò ńlá tún dé ní ọ̀sán. Ọmọ mẹ́wàá lóṣòó. Páànù ń dún.

"Àwẹ̀ró."

Jẹ́jẹ́ ni. Ghislaine gbé orí sókè. Victorine fà á mọ́ra, ó dì í mú gírígírí. Ọmọ náà kò jà, ó kàn ń wo ilẹ̀kùn. Ohùn náà kò pè mọ́. Victorine ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mí ni.

"Àníkẹ́."

Kò sí ẹni tó mọ oríkì yẹn lábúlé náà. Ìyá Victorine nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, ní Pobè, ó sì ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti sin ín. Ohùn ìyá rẹ̀ ni.

"Mẹ̀tírésì," ni Ghislaine wí, "wọ́n ti wá mú yín."

Victorine ti dìde kó tó mọ̀. Ó ń wù ú láti lọ. Ohun tó bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn, pé ó ń wù ú. Bó bá ṣí ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tí yóò tì í mọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin ilẹ̀kùn mú kí ẹsẹ̀ má baà gbé e lọ, irin kan náà tó ń kọ́ wọn pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn. Mànàmáná kọ. Gbogbo rẹ̀ di funfun.

Nígbà tí òjò dá, Barnabé àti àwọn òbí kan ilẹ̀kùn títí. Inú ló ti wà ní títì. Victorine jókòó láàárín àwọn ọmọ, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì pé. Títí di òní, ó ní òun kò dáhùn, òun kò sì ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ ní àwọn kò rí nǹkan kan, àwọn dijú.

Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan tó dìde lọ ṣílẹ̀kùn, Ghislaine ti rí bàtà olùkọ́ rẹ̀. Eruku pupa bò ó, gbígbẹ. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá eruku náà kúrò, bàtà kan, lẹ́yìn náà èkejì, kí àwọn àgbà tó wọlé.