Àwọ̀n Inú Ìwé Ìdánwò

Ìwé ìdánwò kẹtàlélógún ni Moríkẹ́ ń máàkì nígbà tí bírò rẹ̀ dúró. Ó tún rí i: àwòrán àwọ̀n kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn tó tọ̀nà. Ó tú àwọn tó ti máàkì wò. Àwọ̀n wà nínú gbogbo wọn.

Ṣé ẹnì kan ti sọ ìdáhùn fún wọn ni? Kíláàsì Ọlábọ̀dé ni, tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹbí rẹ̀ ń bọ̀ wá tọrọ Moríkẹ́ fún un ní Sátidé. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mẹ́fà péré ló yege ìṣirò nílé ìwé ìjọba Zion Pepe yìí. Nígbà tí Moríkẹ́ máàkì tán, ọmọ méjì péré ló kùnà.

Láti ọjọ́ tí Ọlábọ̀dé ti bá a gbé àpótí ìwé rẹ̀ la ẹrẹ̀ èbúté kọjá ni ìyá Moríkẹ́ ti ń kìlọ̀ fún un: "Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn tó báyìí, máa ṣọ́ ọ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kọ ìbéèrè tuntun sójú pátákó kíláàsì Ọlábọ̀dé, ó sì mú kí àwọn ọmọ jókòó jìnnà síra wọn.

"Ṣé o fura sí mi ni, ìfẹ́ mi?" Ọlábọ̀dé bi í.

"Lọ dúró dè mí ní èbúté."

Kò pẹ́ tí Princess, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọ̀n. Moríkẹ́ dúró tì í.

"Kí nìyẹn?"

"Àwọ̀n ni, Àǹtí. Ìlà méje, ojú mẹ́sàn-án lórí ìlà kan. Tíṣà ní ká máa kà á bí a ṣe ń ka ojú àwọ̀n ẹja nílé."

"Kò fún yín ní ìdáhùn?"

"Rárá o. Bàbá mi ló máa ń ṣì í kà. Èmi kì í ṣì í."

Moríkẹ́ máàkì gbogbo rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Àwọn méjì àkọ́kọ́ náà ló tún kùnà. Ó buwọ́ lu èsì ìdánwò, ó gbé e sórí tábìlì ọ̀gá ilé ìwé, ó sì gba èbúté lọ.

Ọlábọ̀dé kò wojú rẹ̀. "Ò bá bi mí."

"Bí mo bá bi ọ́ ni, ẹnu rẹ ni ì bá dá mi lóhùn. Ọwọ́ àwọn ọmọ ni mo fẹ́ rí."

"Kí lo wá rí?"

"Pé mo ṣẹ̀ ọ́." Ojú tì í, ìfẹ́ rẹ̀ sì ń gbóná lọ́kàn rẹ̀. "Má bínú, àyànfẹ́ mi."

Ọlábọ̀dé yíjú sí i. "Ní sáà tó ń bọ̀, èmi ni n ó dán kíláàsì tìrẹ wò."

"Dán wọn wò."

"Àwọn ènìyàn mi ńkọ́? Ṣé kí wọ́n ṣì wá ní Sátidé?"

"Kí wọ́n wá. Kí wọ́n má pẹ́."

Moríkẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Araromi, níbi tí ìyá rẹ̀ ń gbé. Ìwé Princess nìkan ló mú dání, kí ìyá rẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí i.