Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Nínú Irun Àgùntàn

Nígbà tí Burul gún òkìtì koríko náà, èéfín gbígbóná rú jáde láti inú rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì lé e sẹ́yìn. Ó tú u dé àárín. Koríko tí àgùntàn yóò jẹ títí yìnyín yóò fi yọ́ ti dúdú, ó ti bu, ó sì lẹ̀ mọ́ra. Ó lọ tú òkìtì kejì. Bákan náà ni.

Ó mọ ohun tó fà á. Ní oṣù kẹsàn-án, Estebes, bàbá rẹ̀ àgbà, ti sọ fún un pé kó fi tapólì bo koríko kí òjò tó dé. Ó ní òun yóò ṣe é lọ́la. Ọ̀la di ọ̀túnla, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì wá fi tapólì bo koríko tó ti rin. Iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú ni.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún ni wọ́n wà báyìí. Ẹṣin ti gbé Estebes ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ó sì wà ní ilé ìwòsàn ní ìlú Naryn. Ìyá Burul ń nu ilẹ̀ ilé ìtajà ní Moscow. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Burul, òun nìkan ló sì wà ní ibùdó tí wọ́n ń kó ẹran sí nígbà òtútù, pẹ̀lú ọgọ́ta àgùntàn àti ajá kan. Ìwé tí olùkọ́ fi ránṣẹ́ sí i ló ń kà. Nígbà mìíràn, ọjọ́ mẹ́rin á kọjá kó tó gbọ́ ohùn ènìyàn. Ó ti ń ka ìṣirò sókè fún ajá, kí ohùn ara rẹ̀ má baà di àjèjì sí i.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló rí tí yóò fi kúrò níbẹ̀. Damira, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan láti Bishkek, ń wú eyín àgùntàn àtijọ́ jáde nínú ahoro kan létí odò, níbi tí àwọn ènìyàn gbé ní ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó fẹ́ mọ ohun tí àwọn ẹran ìgbà náà jẹ. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní àgùntàn òde òní tí a mọ oúnjẹ wọn dájú, kó lè fi wọ́n wé ara wọn. Ó fi àmì sí etí márùn-ún lára àwọn àgùntàn Estebes, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àgùntàn kan, ó sì fún Burul ní ìwé kan.

"Ohun tí wọ́n bá jẹ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kó o kọ," ó ní. "Má fi kún un, má yọ kúrò níbẹ̀. Tó o bá ṣe é dáadáa, wàá wá bá mi ṣiṣẹ́ ní Bishkek láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilé mi lo máa gbé títí wàá fi ṣe ìdánwò àṣejáde."

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí Burul tú koríko náà, Sheyshen, darandaran tó ń gbé ní òdìkejì odò, gun ẹṣin wá. Kò sọ̀kalẹ̀.

"Burul! Ṣé yìnyín ò tíì gbé ẹ mì?"

"Kò tíì gbé mi mì, Bọ̀dá Sheyshen."

"O ti gbọ́ ti Mambet, darandaran ẹgbẹ́ wa? Pòròpórò àgbàdo ló ń fún àgùntàn báyìí, bíi màlúù àwọn ará ìsàlẹ̀! Mo ní ó kù kó máa fi ṣíbí bọ́ wọn." Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Kó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá àgbà yín. Ogójì ọdún, pòròpórò kan ò kan ẹran rẹ̀ lẹ́nu. Koríko yín ṣì pọ̀, àbí?"

"Ó pọ̀, sà."

Irọ́ kékeré ni, kò sì gba agbára kankan.

Ní ọjọ́ kejì, ó dá awakọ̀ kan tó ń kó èédú gòkè dúró. Ó fún un ní ẹní onírun tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ rán fún Burul kó tó lọ sí Moscow, awakọ̀ náà sì kó pòròpórò wá láti ìsàlẹ̀. Burul kó o pamọ́ sí ẹ̀yìn ọgbà àgùntàn. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, títí yìnyín fi yọ́, òun ni àwọn àgùntàn jẹ. Ọ̀kan kò kú nínú wọn.

Ìwé ló kù. Ojú Estebes kò ríwèé mọ́, Damira sì máa ń ka àkọsílẹ̀ náà sókè fún un. Tí Burul bá kọ "pòròpórò", bàbá àgbà yóò béèrè ohun tó ṣe koríko. Nítorí náà ó kọ "koríko òkè", ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Láti ìgbà náà, tó bá rí ẹlẹ́ṣin lókèèrè, inú ilé ló ń sá wọ̀, kí wọ́n má baà yà wá rí ẹ̀yìn ọgbà. Ìyàwó Sheyshen gbé búrẹ́dì wá lẹ́ẹ̀kan, ó kanlẹ̀kùn títí. Burul jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ bí bàtà obìnrin náà ṣe ń tẹ yìnyín padà lọ. Ó ti ń dá wà tẹ́lẹ̀. Irọ́ náà wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Nígbà ìrúwé, Estebes padà wálé pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ́yìn. Damira wá, ó ka àkọsílẹ̀ náà sókè, ó gé irun àwọn àgùntàn alámì, ó sì lọ. Bàbá àgbà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Burul kò lè wo ojú rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà, Damira tún dé. Ó jókòó lórí ẹní, ó mu tíì díẹ̀, ó sì tẹ́ bébà kan sílẹ̀ tí ìlà pupa wà lára rẹ̀.

"Nínú gbogbo ohun tó ń hù ni kábọ́ọ̀nù wà," ó sọ fún Estebes. "Oríṣi kan fúyẹ́, oríṣi kan wúwo díẹ̀. Èyí tó wúwo pọ̀ nínú àgbàdo àti jéró ju inú koríko òkè wa lọ. Ohun tí ẹran bá jẹ á wọ irun rẹ̀. Irun sì ń gùn díẹ̀díẹ̀, tí mo bá gé e sí wẹ́wẹ́, mo lè kà á láti oṣù dé oṣù." Ó yíjú sí Burul. "Wo ìlà yìí, èyí tó wúwo ló ń fi hàn. Ìlà náà gòkè lójijì, ó dúró lókè, ó tún sọ̀kalẹ̀. Àgùntàn márààrún ló rí bẹ́ẹ̀. Koríko nìkan ló wà nínú ìwé rẹ."

"Bóyá ẹ̀rọ yín ló ṣàṣìṣe, Àǹtí."

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta." Ó rẹ Damira, ó hàn lójú rẹ̀. "Irú ìlà yìí náà ló wà nínú eyín àgùntàn àtijọ́, nígbà òtútù. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sọ pé jéró ni àwọn baba ńlá wa fi ń bọ́ ẹran wọn nígbà yìnyín. Tí koríko òkè lásán bá lè gbé ìlà sókè báyìí, a jẹ́ pé irọ́ ni mo ń pa. Mo ti kọ lẹ́tà láti fi gbogbo iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ bi ẹ́: ṣé ohun tó o kọ dá ẹ lójú?"

"Ó dá a lójú," Estebes ní. "Ọmọ mi kì í purọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Burul kò lè gbé mì.

"Pòròpórò ni," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ má fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́."

Estebes yíjú sí i. "Koríko ńkọ́?"

"Ó bu, Bàbá. Mi ò bò ó kí òjò tó rọ̀."

"Nítorí koríko?" Ohùn arúgbó náà wálẹ̀. "Ǹ bá bú ẹ, èébú náà ì bá sì tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Pòròpórò tó gba ẹran là, ìtìjú wo ló wà níbẹ̀? Ṣé o ò gbọ́ pé àwọn tó ṣáájú wa náà ṣe é ni? Èyí tó o kọ sílẹ̀ yìí ló dùn mí."

Damira ká bébà rẹ̀. "Àwọn ọ̀sẹ̀ tó kù ńkọ́?"

"Òtítọ́ ni gbogbo wọn, Àǹtí."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?"

Damira ti ife tíì rẹ̀ sẹ́yìn.

"Mo dúpẹ́ pé o sọ ọ́ kí lẹ́tà mi tó lọ," Damira ní. "Àmọ́ mi ò lè lo ìwé yìí, mi ò sì lè mú ẹ lọ. Ohun tí ẹnì kan bá kọ lọ́dọ̀ wa ni ẹlòmíràn máa ń dúró lé. Tọkàntọkàn ni mo fi fẹ́ mú ẹ, Burul."

Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, eruku sì tẹ̀ lé e dé ìsàlẹ̀ òkè.

Ní ìrọ̀lẹ́, Burul gun òkè lọ síbi tí fóònù ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìyá rẹ̀ gbé e kíákíá.

"Ṣé ó ti wá mú ẹ? Ṣé o ti di ẹrù?"

"Kò mú mi, Màámi. Èmi ni mo fà á." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀, kò yọ tapólì sílẹ̀, kò yọ ẹní sílẹ̀.

Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ dé òpin. "Ìgbà òtútù kan sí i nìyẹn o, Burul. Ìwọ nìkan, torí ẹsẹ̀ Bàbá ò lè gba òtútù mọ́."

"Mo mọ̀, Màámi."

Bí ó ti rí nìyẹn. Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Burul kò tó oṣù mẹ́fà. Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, bí o bá ṣe àṣìṣe, sọ ọ́ lọ́jọ́ tí o ṣe é, nígbà tí owó ìtanràn rẹ̀ ṣì jẹ́ èébú lásán. Bí o bá fi irọ́ bò ó, irọ́ náà yóò ba òtítọ́ tó wà nítòsí rẹ̀ jẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni Burul fi purọ́. Àwọn ọ̀sẹ̀ tó fi sọ òtítọ́ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè gbà wọ́n gbọ́ mọ́.